Sí Ọ̀rẹ́ Mi ní Amẹ́ríkà, Lórí Ìdánwò Ìṣirò

Pákátà,
Ìlọrin.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ibi tí o ti kọ ọ́ pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kò mọ ìṣirò, tí o sì ń rò ó láti dá ọmọbìnrin rẹ padà wá kàwé nílé, ká mi lára gan-an. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ gbọ́ tèmi ná.

Òótọ́ ni pé nínú PISA ọdún 2012, ìdánwò tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajé, ń ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 15, ipò 36 ni Amẹ́ríkà wà nínú ìṣirò láàárín orílẹ̀-èdè àti agbègbè 65, tí Shanghai, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè China, sì ṣe ipò kìíní. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tó fi wákàtí méjì ṣe ìdánwò náà ń rí gbà níbẹ̀? Wọn kì í fún un ní èsì tirẹ̀, kò sì sí yunifásítì kankan tí yóò bi í léèrè.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Uri Gneezy, John List àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wádìí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Wọ́n mú ìbéèrè 25 tí PISA ti lò rí, wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama kan ní Amẹ́ríkà ní àpòòwé tí dọ́là 25 wà nínú rẹ̀, wọ́n ní tiwọn ni, àmọ́ dọ́là kan yóò kúrò nínú rẹ̀ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kùnà tàbí tí wọn kò dáhùn. Ìgbà tí ìdánwò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa owó náà, nítorí náà kò sí ẹni tó ráyè kàwé sí i. Síbẹ̀, wọ́n dáhùn ìbéèrè ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọn kò fún lówó lọ, pàápàá èyí tó wà lápá ìparí, èyí tí wọ́n sì dáhùn bó ṣe tọ́ pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Shanghai, owó kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà, torí pé àwọn ọmọ yẹn ti ń sa gbogbo ipá wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí náà ṣírò rẹ̀ pé bí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà bá sapá bẹ́ẹ̀, ipò 36 ì bá di 19. Ipò 19 kì í ṣe ipò kìíní o. Àlàfo tó ṣẹ́ kù, owó kò lè dí i.

Mo ń rí i nínú kíláàsì mi. Ọmọ SS3 kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti sọ pé n kò ní kọ máàkì sílẹ̀, á dáhùn ìbéèrè díẹ̀, á wá fi bírò kun etí ìwé rẹ̀ títí aago yóò fi lù. Nígbà tí a ṣe mọ́ọ̀kì WAEC, ọmọ yìí kan náà ló nawọ́ sókè pé kí n fún òun ní ìwé sí i, tó sì ń ṣe irú ìṣirò tó fi sílẹ̀ lófìfo lọ́jọ́sí láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò wo ìwé àkọ́kọ́ yẹn tí yóò ní ọmọ náà kò mọ nǹkan kan?

Nítorí náà, kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, pe ọmọ náà jókòó. Bi í bóyá ó parí ìdánwò tí wọ́n ṣe ní ilé ìwé wọn, àti ohun tí wọ́n sọ fún wọn pé àwọn fẹ́ fi èsì rẹ̀ ṣe. Kí o wá gbé ìbéèrè mélòó kan síwájú rẹ̀ fúnra rẹ, kí o jókòó tì í, kí o sì kọ ohun tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
ní Ìlọrin.