Lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Ọnárébù wọ́ọ̀dù wa

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dí gidigidi lásìkò yìí, nítorí pé láti ìgbà tí ìdìbò ọdún 2027 ti ń sún mọ́lé, wọn kì í jẹ́ kí o sinmi: bí o bá ti ìpàdé kan dé, òmíràn á ti máa dúró dè ọ́. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ìlù àti ariwo gbohùngbohùn ni mo máa ń gbọ́ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn láti kọ̀wé, kí o lè kà á nígbà tí ilé bá dákẹ́. Mo sì kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé àwọn kánsẹ́lọ̀ mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gẹ́gẹ́ bí ó ti kàn ọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní àbúrò ìyá tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí àyè sì gbà láti jókòó kọ lẹ́tà gígùn.

Ìbò kánsẹ́lọ̀ tí àwa ará Ẹ̀pẹ́ dì fún ọ ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025 kì í ṣe ìbò pé kí o máa kó èrò lọ sí ibi ìpolongo àwọn ẹlòmíràn. Rántí bí èsì ọjọ́ náà ti rí. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló gba ipò alága 57 tí ó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó, ẹgbẹ́ yẹn kan náà ló sì gba ipò kánsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ alátakò ní Yàbá. Ìwọ jó lọ́jọ́ náà, èmi náà sì bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun yẹn gbé ẹrù kan lé ọ lórí tí n kò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún ọ. Ní ilé ìgbìmọ̀ tí alátakò bá wà, alátakò ni yóò dìde bèèrè ibi tí owó gbà lọ, bí kò tilẹ̀ ṣe fún ìfẹ́ ìlú, kí ó lè dójú ti alága. Nínú ìgbìmọ̀ tiyín, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kò bá bèèrè, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò bèèrè láti ìsinsìnyí títí di ọjọ́ tí sáà yín yóò parí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní ọjà tí ìyá rẹ wà. Kì í ṣe ọjà Olúwo tí àwọn oníbàárà ń ti Lẹ́kí àti Ìkòròdú wá ra ẹja ni mo ń wí o. Ọjà kékeré tiwa, tí àwọn olóṣèlú kì í yà sí àfi bí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní agolo mílíìkì kan tí ó máa ń gbé sábẹ́ tábìlì tí ó fi ń pàtẹ ẹja yíyan. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ló kún inú agolo náà, àwọn ìwé pélébé tí èéfín àti epo ẹja ti bà jẹ́ débi pé òǹtẹ̀ ara wọn ti ń parẹ́, tí ó fi rọ́bà dì ní ìdì-ìdì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin tí ó ń gba owó dé. Ó gba owó, ó sì fẹ́ máa lọ láìfún un ní ìwé. Ìyá rẹ di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ní, “Ọmọ mi, ìwé mi dà?” Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá Ọnárébù, ṣé ẹ̀yin náà ń gba ìwé ni?” Ìyá rẹ dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi ni Ọnárébù. Èmi, ẹja ni mo ń tà.” Ó gba ìwé rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú agolo.

Lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ gan-an ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún ọjà náà wà. Orúkọ ẹni tí ó wá ṣí i ṣì ń dán lára ògiri, ṣùgbọ́n àgádágodo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti dípẹtà. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń gbọ̀n àwọn obìnrin ọjà, wọn a sáré lọ sí ilé onílé kan níwájú, wọn a sì sanwó níbẹ̀. Ẹni tí ó ń san owó ọjà lójoojúmọ́ tún ń sanwó kí ó tó tọ̀. Ẹ pín ìrẹsì fún wọn lóṣù tó kọjá, nínú àwọn àpò kéékèèké tí ẹ tẹ àwòrán sí. Ìyá rẹ náà gba tirẹ̀, ó sè é, ó jẹ ẹ́, kò sì ṣe àgàbàgebè nípa rẹ̀. Ohun tí ó sọ fún mi ni pé ìrẹsì náà kò ju oúnjẹ ọjọ́ méjì lọ, owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í sì í sinmi.

Níbo ni owó tí ó wà nínú agolo yẹn lọ? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti alátakò, iṣẹ́ rẹ ni. Nígbà tí o ń polongo, o ṣèlérí tiransifọ́mà fún wa, o sì tún sọ̀rọ̀ nípa afárá. N kò dá ọ lẹ́kun nígbà náà, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó ń du ipò ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ ka àfikún kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ibi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà, iná ojú títì, ìkólẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ọmọ tí a bí àti ẹni tí ó kú. Kódà ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ àwa ará Ẹ̀pẹ́ lógún ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Iṣẹ́ káńsù náà sì ni àkóso pátákó àti ìwé ìpolówó ìta gbangba, nítorí náà, bí o bá ń wá ibi tí o ó ti bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí ojú rẹ wà lórí rẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ilé mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà.

Mo mọ èsì tí o máa ń fún mi: owó kò sí. Ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè kọ fún Èkó, Ẹ̀pẹ́ nìkan ni orúkọ tí ó dúró fún káńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rẹ́dò àti Ìkòsì-Èjìnrìn wà lára àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) 37 tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Ọ̀rọ̀ náà ló fà á tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní 2004, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì sọ ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé ààrẹ kò ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé àwọn káńsù tuntun náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán níwọ̀n ìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kò tíì ṣe tirẹ̀. Owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì àwa tí a ti kúrò níbẹ̀ náà wà lára ohun tí wọ́n ń yọ kí ìyókù tó kàn yín. Mo mọ̀ pé ohun tí ó ń dé ọwọ́ yín kéré sí ohun tí àwọn ará ìlú rò. Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì kò ti Àbújá wá. Ọwọ́ ìyá rẹ ni ó ti wá, kò sì sí ẹni tí ó lè yọ ọ́ lókè kí ó tó dé káńsù.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí àpò àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn, ìwọ lo kọ́kọ́ fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi, tí o ní òmìnira dé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òmìnira alága kò tíì di òmìnira wa. Bí owó bá ń lọ tààrà sí ọwọ́ alága, tí gómìnà kò sì sí láàrin mọ́, ojú ta ni yóò wà lára owó náà bí kò bá ṣe tìrẹ? Ètò ìṣúná káńsù kò lè di òfin láìjẹ́ pé ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ fọwọ́ sí i. Ǹjẹ́ o ka èyí tí ẹ fọwọ́ sí kẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? N kò bèèrè láti fi ọ́ ṣẹ̀sín. Mo fẹ́ mọ̀ ni.

Ẹ̀rù ń bà ọ́, mo sì mọ ohun tí ó ń bà ọ́ lẹ́rù. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, nígbà tí ọmọ wa Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, tí ó ṣì wà lórí àga gómìnà, fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí irú èyí bá lè bá gómìnà, kí ni kánsẹ́lọ̀ já mọ́? N kò ní tàn ọ́ pé kò sí ewu. Ṣùgbọ́n wo ohun tí àwọn tí ó dákẹ́ rí gbà. Mélòó nínú àwọn kánsẹ́lọ̀ tí ó ti wà ṣáájú rẹ ní wọ́ọ̀dù yìí ni wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé wọn kò bèèrè ọ̀rọ̀? Ìwọ mọ ìdáhùn rẹ̀ jù mí lọ, nítorí pé o du ipò ọ̀kan nínú wọn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìbéèrè pàápàá kò sì di dandan kí ó jẹ́ ariwo. Kọ ọ́ sínú ìwé, fi fún akọ̀wé ìgbìmọ̀, kí ó tọwọ́ bọ̀wé pé òun gbà á, kí o sì rí i pé ó wọ inú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Má gbé e lọ sórí rédíò, má sì jẹ́ kí ó dà bí ìjà láàrin ìwọ àti alága. Ẹni tí ó bá fẹ́ bínú yóò bínú, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti sọ ohun tí o ṣe tí kò dára.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí o yàgò fún. Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í jí ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́, ìhà méjèèjì ìlú wa, dìde, pé ta ló kàn láti gba ipò. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún ọ: bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní òpin ọdún 1851, tí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá síbí, tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, tí ó sì padà sílé ní 1862, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá a wá kò bá a padà. Ìtàn tí ó dùn ni. Àwọn ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ń fi ọdún Káyòkáyò rántí rẹ̀, àwa ará ìhà kejì sì ń lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí o gun orí pèpéle lọ fi ìtàn yìí pín ìbò. Ẹ̀pẹ́ ti fún Èkó ní gómìnà méjì, Michael Ọ̀tẹ́dọlá láti 1992 sí 1993 àti Àḿbọ̀dé láti 2015 sí 2019, àgádágodo ọjà kò sì bèèrè ìhà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti wá.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tí ó ń bọ̀, nítorí náà, bèèrè iye tí káńsù retí láti inú owó ọjà lọ́dún yìí àti iye tí ó wọlé, kí o sì bèèrè ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà. Mú ẹ̀dà ètò ìṣúná náà wá sọ́dọ̀ mi. Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú mi kò sì tíì ṣú débi tí n kò ní lè ka nọ́ńbà. Ìyá rẹ ti gbà láti yá wa ní agolo rẹ̀ kí a fi wo bí owó tí àwọn obìnrin ọjà ń san ti pọ̀ tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní a gbọ́dọ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà láìdín ẹyọ kan. Má wá ní ọjọ́ Sátidé, nítorí pé ìpolongo yín yóò ti dí ọ̀nà Lágbàdé. Wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí o sì fi àwọn ọmọkùnrin tí ó máa ń tẹ̀ lé ọ sílẹ̀. Àga tí ó wà nílé mi kò tó wọn.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ