Mo rí ìwé wa

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́.

Wá ibi kan jókòó sí ná. Mo rí ìwé wa! Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ gan-an. Inú àpótí pákó Bàámi ló wà, lábẹ́ aṣọ òfì wọn. Ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti já, ṣùgbọ́n epo tí o fi ọwọ́ àkàrà yí mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀. Mo fi ìka kàn án, omi bọ́ lójú mi.

Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń gbé e lọ sí ẹsẹ̀ àpáta Olúmọ? Ìwọ lo máa ń ṣe Àgbákò, iwin burúkú inú ìwé náà. Torí pé fìlà irin ló máa ń dé, ìwọ náà á da ìkòkò irin Màámi borí, a ó sì wọ̀yá ìjà títí wọn yóò fi pariwo lé wa lórí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí ìwé náà, mo kà á sókè fún ọmọ mi. Mo dé ibi tí Akàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, ti sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe yìnbọn fún ẹran kan, tó tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ délé, tó wá rí i pé ìyàwó òun, ìyá Akàrà-ògùn, ni. Ibẹ̀ la máa ń fò ká lè tètè wọ inú igbó. Àjẹ́ ni obìnrin náà lóòótọ́, ó ti pa orogún, ó ti pa ọmọ orogún. Síbẹ̀ ohùn mi há. Ọmọ mi wò mí, ó ní, "Màámi, ta ló wá ń se oúnjẹ fún Akàrà-ògùn?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un.

Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta wa, ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láti 1968, mo sì mọ̀ pé ìyẹn ni yóò rọ àwọn ìbejì lọ́rùn. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí Fágúnwà ṣe kọ ọ́ ní 1938. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ń dún bí ìlù. Ẹni tó bá fojú lásán kà á kò tíì gbọ́ ọ.

Láti Sátidé, èmi yóò máa kà á sórí WhatsApp fún wọn, díẹ̀díẹ̀. Ibi Àgbákò nìkan ni mi ò ní kà. Tìrẹ nìyẹn, mo ti ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ fún ọ. Ṣé ìkòkò irin wà nílé yín?

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Àyọ̀ká