Àkànbí, má tíì ju láptọ́ọ̀pù yẹn nù

Àgbowó, Ìbàdàn,
Oṣù Kejì, 2026.

Àkànbí ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù Manchester o, ìwọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ. Tiwa níbí ni ooru, bí NEPA bá sì ti mú iná lọ, kò sí ibi tí èèyàn ń sá sí. A dúpẹ́ ṣá, ara le. Màmá mi ní kí n bi ọ́ pé ṣé o ti gbàgbé nọ́ńbà àwọn ni.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní wọ́n sọ fún ọ pé mo ti fi Windows sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, pé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ni mo fi ń jẹun báyìí, o wá ń béèrè bóyá orí mi pé. O tún ní láptọ́ọ̀pù rẹ àtijọ́ kò gba Windows 11, o fẹ́ mọ̀ bóyá kí o jù ú nù. Ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí mo lè fi ohùn dáhùn lọ, ìdí nìyí tí mo fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí mo jókòó kọ ọ́.

Orí mi pé. Linux Mint, ọ̀kan nínú oríṣiríṣi Linux tó wà, ni mo gbé sórí àwọn kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ̀wé, ó sì ti lé lọ́dún kan. O mọ irú kọ̀ǹpútà tí à ń lò: tòkunbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà, èyí tí iléeṣẹ́ kan lọ́hùn-ún ọ̀dọ̀ yín ti lò gbó kó tó sọ̀dá òkun. Microsoft ti sọ tipẹ́ pé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àwọn máa dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè ṣíìpù ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tó bá sì jẹ́ Intel ló wà nínú kọ̀ǹpútà, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n ń fẹ́. Kò sí ìkankan nínú tèmi tó dé ibẹ̀. Kí n ra òmíràn? Pẹ̀lú iye tí náírà jẹ́ yìí? Mi ò dúró de ọjọ́ náà rárá.

Ṣé o sì mọ̀ pé ìwọ gan-an lo kọ́kọ́ fi Linux hàn mí? CD Ubuntu, irú Linux mìíràn, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí a wà ní Poly ńkọ́, tí o lọ gbà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí gbogbo hostel ń gbà wò lọ́wọ́ ara wọn? Mark Shuttleworth, ará South Africa, ló dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ayé títí di 2011. Tiwa kò rí módẹ́ẹ̀mù tí a ní, ni a bá fi CD náà kọ́ sára ògiri. Mint tí mo ń lò yìí, orí Ubuntu náà ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ọ̀rọ̀ módẹ́ẹ̀mù ti tán, Wi-Fi ló kọ́kọ́ rí.

N kò ṣàdéédé gbé e wọlé o. Orí flash ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, mo tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀, mo sì ń lò ó láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú disk. Mo wo Wi-Fi, mo wo ohùn, mo wo printer. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dáhùn ni mo tó ní kó wọlé. Mo sì yọ hard disk àtijọ́ inú wọn, mo fi SSD, disk tó yára jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀. Kí n má parọ́ fún ọ, SSD yẹn ló ṣe ìdajì iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń yin Linux fún. Àwọn tó ṣe Mint kọ ọ́ pé RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 2GB tó láti fi lò ó, àmọ́ 4GB ni wọ́n dámọ̀ràn. Ìwọ ṣáà gba ti 4GB yẹn gbọ́. Lórí 2GB, bí o bá ti ṣí Firefox tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ojú lásán lo máa fi wò ó.

Jẹ́ kí n wá sọ ibi tó dùn mọ́ mi jù. O mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn la wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ní èdè Yorùbá sì ń wá sọ́dọ̀ wa. Láyé ọjọ́un, fọ́ǹtì àkànṣe ni a fi ń tẹ ẹ́. Àwọn tó ṣe fọ́ǹtì náà ti mú àwọn lẹ́tà àti àmì kan tí a kì í sábà lò, wọ́n yí àwòrán wọn padà sí ẹ, ọ àti ṣ. Lójú tìrẹ, Yorùbá lo tẹ̀. Gbé fáìlì náà dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, gbogbo rẹ̀ á di jágbajàgba. Mo ti rí ọmọ tó sunkún ní ṣọ́ọ̀bù nítorí èyí, ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nínú Mint, mo lọ sí ibi tí a ti ń yan àtẹ bọ́tìnnì, mo wá Nàìjíríà, mo bá Yorùbá, Ìgbò àti Hausa níbẹ̀, wọ́n ti wà nílẹ̀ kí n tó dé. N kò sanwó, n kò wa nǹkan kan sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí èmi fẹ́ràn jù, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá máa ń dàpọ̀ nínú iṣẹ́ wa: bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní Compose. Alt ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ṣe tèmi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, tí mo tẹ àmì ìyanu (!), tí mo wá tẹ e, ẹ ló máa jáde. Lẹ́tà o náà bẹ́ẹ̀, s náà bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti ń sáré tẹ̀ ẹ́ ju èmi lọ báyìí, kò tilẹ̀ ń wo ọwọ́.

Ibì kan ṣì wà tó lè dà èèyàn láàmú. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, é ní ààyè tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. O máa tẹ ẹ, lẹ́yìn náà o máa gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀, fọ́ǹtì ló sì máa so àwọn méjèèjì pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ iṣẹ́ á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó fi lé orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo Charis SIL àti Gentium fún gbogbo ohun tó bá jẹ́ Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni àwọn náà, wọ́n sì mọ bí a ti ń to àmì lé lẹ́tà.

Bàbá tíṣà kan wà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ ewì. Tẹ́lẹ̀, tí a bá ti tẹ ewì bàbá tán, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á yọ báírò, wọ́n á máa fi ọwọ́ kọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà mẹ́wàá, ẹ̀dà ogún. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i tó ti inú printer jáde pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn sókè, wọ́n ní, “Ẹ̀rọ ló ṣe eléyìí?” Wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọ́n rí ibi tí a ti fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí ibi tí ohùn òkè yẹ, wọ́n sì dá mi padà sórí kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn bí ìgbà tí olùkọ́ nà mí tí mo sì mọ̀ pé òun ló jàre.

Ọ̀rọ̀ flash náà ti yí padà. O mọ kòkòrò tó máa ń fi fódà èèyàn pamọ́, tó sì máa ń fi ayédèrú rẹ̀ síwájú. Windows ni wọ́n ṣe kòkòrò yẹn fún, kò rí nǹkan kan ṣe lórí tèmi. Èyí tó tún dáa ni pé fódà gidi tó fi pamọ́ yẹn, kedere ni mo ń rí i. Ọmọ kan á sáré wọlé, á ní gbogbo iṣẹ́ òun ti sọnù. Mo fi flash bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rẹ̀ jókòó síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdọ̀tí. N kì í gba owó fún ìyẹn, àmọ́ bí wọ́n bá ra mínírà fún mi, n kì í kọ̀.

Update ńkọ́? Bí ó bá dé, àmì kékeré kan á yọ nísàlẹ̀, á sì dúró síbẹ̀ títí mo fi máa ráyè. Òru ni mo ń ṣe é, tí dátà rọ̀. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní Timeshift á ti kọ́kọ́ ya bí kọ̀ǹpútà ṣe wà sílẹ̀. Bí update bá da nǹkan rú, mo lè dá a padà sí bó ṣe wà lánàá.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dùn.

CorelDRAW kò sí fún Linux. Àkànbí, o mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, àti pátákó “Ó dàárọ̀ o”. Gbogbo ẹni tó ń yàwòrán láti ibi títí dé Ṣómólú, CorelDRAW ni wọ́n ń lò, fáìlì rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́. Mo ń lo Inkscape fún èyí tí èmi fúnra mi bá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dára, kò sí ohun tí oníbàárà máa fi dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì ẹlòmíràn? Inkscape lè ṣí òmíràn nínú wọn, àwọ̀ á ti yàtọ̀, ọ̀rọ̀ á ti kúrò lójú ibi tó wà. Nítorí náà kọ̀ǹpútà kan ṣì wà ní kọ̀rọ̀ tó ní Windows, a kì í so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ CorelDRAW nìkan ni tirẹ̀. Àwọn kan á ní mi ò tíì yí padà tán. Ẹni tó bá máa bá mi san owó ṣọ́ọ̀bù ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

LibreOffice náà, tí a fi rọ́pò Word, ń ṣe dáadáa títí ìwé á fi gùn. Iṣẹ́ àṣekágbá tó ní tábìlì púpọ̀, bí o bá fi Word ṣe é, tí o wá ṣí i lọ́dọ̀ mi, ojú ewé lè sún. Times New Roman kì í bá Mint wá, Liberation Serif ló ń dípò rẹ̀. Ìwọ̀n lẹ́tà wọn bára mu, nítorí náà ìlà kì í sábà yẹ̀, àmọ́ tábìlì ní ọgbọ́n tirẹ̀. PDF la fi ń tẹ ìwé báyìí. Ní ti printer, HP àtijọ́ tí mo ní, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó kàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti ńlá kan wà tí n kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀, ó ná mi ní odindi òpin ọ̀sẹ̀ kí a tó gbọ́ ara wa yé.

Àwọn aládùúgbò ńkọ́! Onífótò tó wà lójúde ní, “Ọ̀fẹ́? Ta ló wá ń jẹ níbẹ̀?” Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, pé ní 1992 ó gbé e sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, tó ní ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó pín in, bí òun náà bá ti gbà kí ẹlòmíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn iléeṣẹ́ bíi Intel, Google àti Red Hat ń sanwó fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nítorí pé àwọn náà ń lò ó, Mint sì ń jẹ nínú ọrẹ àwọn èèyàn. Mo ní kó yọ fóònù rẹ̀ wò, pé Android tó wà níbẹ̀, Linux ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó ní òun ń bọ̀. Kò tíì padà dé. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní tirẹ̀ rí mi níbi tí mo ti ń tẹ nǹkan sójú dúdú yẹn, lẹ́tà funfun ń sáré kọjá, ló bá pe ìyàwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó bá mi sọ̀rọ̀ kí n má ṣe Yahoo, pé mo ti dàgbà jù ú lọ. Update lásán ni mo ń ṣe o!

Ohun kan wà tí mi ò retí. O rántí bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀: a ó gbé kọ̀ǹpútà lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, á fi ohun kan ṣí Windows láìsan owó rẹ̀, a kì í sì í béèrè ohun tó fi ṣí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó fi ṣí i yẹn gan-an ni kòkòrò bá wọlé. Ní báyìí, fáìlì Mint tó sún mọ́ 3GB, ẹnì kan ló fi dátà wà á sílẹ̀, àwọn ọmọ Poly àti ọmọ UI sì ń wá gbà á lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. Ẹni bá fẹ́ kó gbé flash wá. Ara mi yá sí i ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní ti láptọ́ọ̀pù rẹ, wo iye RAM tó wà nínú rẹ̀ ná. Bó bá tó 4GB, tí ojú rẹ̀ kò fọ́, fi Mint sí i fún ọmọ rẹ tó ń ka ìwé. Mint 22 tó wà níta yìí, wọ́n ní títí 2029 ni àwọn máa tọ́jú rẹ̀. Kọ́kọ́ kó fọ́tò ìsọmọlórúkọ yẹn kúrò nínú rẹ̀ o, kí ìyàwó rẹ má baà lé ọ síta nínú òtútù. Bí kò bá sì sí ẹni tó máa lò ó nílé yín, ẹni tó bá ń bọ̀ wálé nígbà Ọdún Àjíǹde ni kí o fi rán. Ọmọbìnrin tí mo sọ pé ó ń kọ́ṣẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òmìnira, kò sì ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bátìrì tó ti kú kò ṣe nǹkan kan, a ó wá nǹkan ṣe sí i. Ṣájà ni kí o má gbàgbé, ojúlówó rẹ̀ wọ́n níbí.

Kí ìyàwó àtàwọn ọmọ fún mi. Kí o sì pe Màmá.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní.