Ẹ Kó Gbogbo Ilé Lọ Wo Mọ́tò Náà

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìlú. Ọ̀rọ̀ tẹ́nìkan kọ sínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí ló gbé mi dìde, ẹni tó ní kí ẹni tọ́mọ ẹ̀ bá ti ju mẹ́ta lọ yáa lọ ra jíìpù, pé mọ́tò tí kì í bá ti ṣe jíìpù ò lè gba ẹbí. Mo kà á tán mo rẹ́rìn-ín, mo pe ìyàwó mi kó wá kà á, òun náà rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ yìí ti fojú àwa méjèèjì rí màbo fún odindi oṣù mẹ́rin, a sì ti mọ ibi tó ti ń ta ni.

Télọ̀ ni mí nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin níbí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Wàńdó. Ọmọ méjì la kọ́kọ́ bí, mọ́tò kékeré tá a ní sì tó wa, ìyá mi á jókòó sáàárín àwọn ọmọ lẹ́yìn, ó parí. A wá ní ká fi ẹyọ kan kún un, àfi bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ lé ikùn ìyàwó mi tí wọ́n ní méjì ló wà níbẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é, a dúpẹ́, bí Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣe dé nìyẹn tá a di èèyàn méje nínú ilé, ìyẹn kí Ìdòwú tó dé o. (Ìyàwó mi ní kò sí Ìdòwú kankan tó ń bọ̀, pé kí n má kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.)

Mọ́tò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, tó gba ẹbí láìṣe jíìpù, ni èyí tí àwa tá à ń gbọ́ Faransé níbí ń pè ní break, èyí tí ìdí ẹ̀ gùn, tí òrùlé ẹ̀ lọ tààrà dé ibi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé àwọn ará wa lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá gbọ́ bíréèkì, ìjánu ni wọ́n máa rò, àwọn ń pe tiwọn ní sitéṣọ̀n-wágọ̀n, ọkọ̀ kan náà ni. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ á rántí Peugeot 504 familiale tó ń ná Àjàṣẹ́ sí Kétu nígbà tá a wà ní kékeré, ìlà ìjókòó mẹ́ta tí gbogbo wọn kọjú síwájú, irin gbọọrọ kan lábẹ́ ìdí ẹ̀ àti sípíríìngì mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún méjì lósì, òun ni wọ́n ṣe lè kó èèyàn mẹ́sàn-án sí i kí wọ́n tún di iṣu àti ewúrẹ́ mọ́ orí ẹ̀, kó sì máa lọ. 505 tó tẹ̀lé e, èèyàn mẹ́jọ ni familiale tiẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ọdún 1992 ni wọ́n ti ṣíwọ́ 505 ní Faransé, èyí tẹ́ ẹ bá rí lónìí á ti jìyà ju ẹ̀yin gan-an lọ, ẹ má jẹ́ kí ìrántí máa tì yín lọ sọ́jà. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tá a wá kó owó díẹ̀ jọ, a gba ọ̀nà Kútọnu, a yà sí àwọn pàkì tí wọ́n ti ń ta mọ́tò àlòkù lápá Sèmè. Ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú mọ́tò tó ń bọ́ sílẹ̀ ní èbúté Kútọnu, ọjà Nàìjíríà ni wọ́n ń wá, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 tí Nàìjíríà ti ní mọ́tò ò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, tó tún wá di 2019 tí wọ́n ti bọ́dà pa títí di òpin 2020, ariwo àwọn pàkì yẹn ti lọ sílẹ̀. Jíìpù ló wà níwájú tí wọ́n nù tó ń dán, àwọn break wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn, eruku bò wọ́n, ọmọdé ti fi ìka kọ orúkọ sára gíláàsì. Inú mi dùn sí eruku yẹn, torí ohun tójú ò bá wọ̀, owó ẹ̀ máa ń rọ̀.

Àkọ́kọ́ tá a wò ni Mercedes 124 break, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1985 sí 1996. Béǹṣì kékeré kan wà nínú búùtù ẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn fún ọmọ méjì, tẹ́ ẹ bá ká a, á wọlẹ̀ bíi pé kò síbẹ̀ rí. Àwọn ọmọ mi ti jókòó síbẹ̀ wọ́n ti ń yọ ahọ́n sí zemijan, ọ̀kadà wa níbí, tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n ìdí mọ́tò náà jókòó sílẹ̀ bí ajá. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní sípíríìngì ló rẹ̀ ẹ́, pé owó kékeré ni. Irọ́ ló ń pa fún mi, kì í ṣe sípíríìngì nìkan ló gbé ìdí irú mọ́tò yẹn dúró, òróró ni páǹpù ń tì lọ sẹ́yìn kó lè máa gbé ara ẹ̀ sókè tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ó tún ní bọ́ọ̀lù irin méjì tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, tí ìyẹn bá ti kú, owó tẹ́ ẹ máa ná sí i á jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé iye tẹ́ ẹ ra mọ́tò. Mẹkáníìkì tó bá wa lọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó wò mí lójú, a kúrò níbẹ̀.

A wá rí Peugeot 307 SW, ti ọdún 2004. Ìjókòó méje, àwọn tẹ̀yìn ń yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Olówó pàkì ń pariwo, "Patron, méje, méje!" bíi pé ọmọ méje ló fẹ́ fún mi. Ẹ rántí pé télọ̀ ni mí, téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi. Mo ní kó gbé ìjókòó ìlà kẹta dìde, mo fa téèpù láti ẹ̀yìn ìjókòó náà dé ara ìlẹ̀kùn, kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan! Mo dúró tí mò ń wò ó. Kí la fẹ́ kó síbẹ̀? A máa ń lọ Kétu lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́dún, ilé àwọn àna mi ò jìnnà sí Àkábà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ nì, kò sì sígbà tá a lọ tá a bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àpò gàrí, iṣu, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, bàgì àwọn ìbejì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tì wọ́n. Ìjókòó méje yàtọ̀ sí èèyàn méje àti ẹrù wọn, ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó kọ̀wé yẹn gbọ́ nìyẹn, torí jíìpù tó ń polongo náà, tẹ́ ẹ bá gbé ìlà kẹta ẹ̀ dìde, púpọ̀ nínú wọn ò ṣẹ́kù ju ibi tẹ́ ẹ lè ki páálí bíṣíkíìtì sí. Gíga ẹ̀, òkè ló gbà lọ, kò gba ẹ̀yìn. Ìyá mi tórúnkún ń dùn, ṣé àkàbà la fẹ́ máa gbé káàkiri ni?

Lọ́jọ́ kejì mo kó gbogbo ilé padà lọ síbẹ̀. Gbogbo ilé ni mo wí o, títí kan ìyá mi, títí kan àpò gàrí kan tí mo yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Olówó pàkì fajú ro, ó ní ṣé a fẹ́ ra mọ́tò ni àbí a fẹ́ pàtẹ? Mi ò dá a lóhùn. A jókòó bá a ṣe máa jókòó lójú ọ̀nà, a ti ilẹ̀kùn, a dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kọ́ mi ju gbogbo àlàyé ẹnu lọ. Ìlà àárín, ìjókòó mẹ́ta tó dá dúró ni, ìjókòó ọmọdé méjì fún àwọn ìbejì wọlé síbẹ̀ àyè ẹnìkan sì tún kù, nínú mọ́tò kékeré tá a ní tẹ́lẹ̀ béǹṣì kan ṣoṣo ni, tẹ́ ẹ bá ti gbé ti ọmọdé méjì sí i ẹni àárín á máa fi ìdí kan jókòó ni. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìjókòó ọmọ ọwọ́ tó kọjú sẹ́yìn síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tí àpò afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, tó bá bẹ́, ọmọ ló máa gbá.) Ọkùnrin náà wá ní kí ìyá mi bọ́ sẹ́yìn pátápátá kó wò ó. Ìyá mi wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ẹrù ni mí tó o fẹ́ kó mi sí búùtù?" Gbogbo pàkì rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí mi ló bọ́ síbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n ẹ̀. Títí ó bá fi máa pé mẹ́rìnlá, a ó ti wá nǹkan ṣe sí i.

Oòrùn tún ń kọ́? Gíláàsì ni òrùlé 307 SW láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní Faransé lọ́hùn-ún ó lè dára kéèyàn máa wo òfúrufú, níbí lọ́sàn-án oṣù kẹta, inú agbada àkàrà lẹ wà yẹn. Aṣọ kan wà tí iná mànàmáná yẹ kó máa fà bo gíláàsì náà, ẹ̀rọ tó ń fà á nínú tiwa ti kú. Mo fi ìyẹn já owó sílẹ̀, mo délé mo gé àǹkárá lé e, mo rán sípù sí i, ó sì ń rí bíi àtíbàbà ìgbéyàwó. Ẹni tó bá fẹ́, mò ń gba iṣẹ́.

Ti ẹ́ńjìnnì, gáàsóyì (dísẹ̀lì) ni mo fẹ́, torí èmi náà ń ra kpayo, ìyẹn ẹsáǹsì (bẹntiróòlù) fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, nínú ìgò létí títì bíi gbogbo ayé, mo sì mọ̀ pé omi àti pàǹtí inú ẹ̀ ò ṣojúure sí ẹ́ńjìnnì ẹsáǹsì. Kpayo gan-an ò wá pọ̀ọ́kú mọ́ láti oṣù karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ṣùgbọ́n gáàsóyì náà ní tiẹ̀. HDi, ẹ́ńjìnnì gáàsóyì Peugeot, èyí tí agbára ẹ̀ jẹ́ ẹṣin 110, asẹ́ èéfín kan wà nínú ẹ̀gúsọ́ọ̀sì ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FAP, ó ń kó ẹ̀dú jọ, àfi kí mọ́tò sáré dáadáa lójú ọ̀nà gígùn kó tó lè jó o dànù. Ẹni tó jẹ́ Wàńdó sí Àjàrá ló ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, á dí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún ní oògùn kan tó ń mu nínú táǹkì kékeré lọ́tọ̀, tẹ́ni tó ń tà á ò sì ní sọ fún yín pé ó ti tán. Èyí tó jẹ́ ẹṣin 90 ò ní gbogbo wàhálà yẹn, ó lọ́ra díẹ̀ tó bá kún, kí la ń sá lé ná? Ẹṣin 90 ni mo mú.

Táyà wá ni mo fi ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bínú. Olówó pàkì ní tuntun ni, ó sì dúdú tó ń dán lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi omi nù ún, mo wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lópin lẹ́tà DOT lára ẹ̀: 1109. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2009 nìyẹn. Ńṣe ni wọ́n kùn ún! Ẹni tó kun táyà kò lè máà fọwọ́ kan kílómítà, mo wo rọ́bà pẹ́dáàlì, ó ti jẹ débi irin, kílómítà sì ń sọ fún mi pé 120,000. A gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, a wo kòtò tí táyà àfikún wà, ó gbẹ, kò sí ìpẹtà, ìyẹn ló mú kí n má bá tèmi lọ. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ara mọ́tò bá ti inú carte grise, ìwé mọ́tò, mu. Ó pe 2,600,000 fàráńkì, a fẹnu kò sí 2,150,000, òun ló san fìsíìtì, owó àyẹ̀wò mọ́tò, èmi ra táyà mẹ́rin.

Báyìí la ṣe ń lò ó. Tí ìyá mi ò bá bá wa lọ, mo máa ń yọ ìjókòó kan nínú méjì ẹ̀yìn, èèyàn mẹ́fà wọlé, ìdajì búùtù sì ṣófo gbalasa fún gàrí. Ìjókòó tí mo yọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ibẹ̀ ni bàbá onílé ń jókòó ta ayò lálẹ́, wọ́n ní kò sírú ẹ̀ fún ẹ̀yìn wọn, mo sì ń rò ó bí mo ṣe máa gbà á padà tọ́dún bá dé. Tí ìyá mi bá ń lọ, ìjókòó á padà sínú mọ́tò, ẹrù á gorí òrùlé, ìgbà àkọ́kọ́ tá a ṣe bẹ́ẹ̀, láti Àjàṣẹ́ gba Sakẹtẹ, gba Pobẹ, títí dé Kétu, ẹ̀ẹ̀mejì péré la dúró, àwọn ìbejì ló fà á, kì í ṣe mọ́tò.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin Olóòtú, ní ojú ewé tẹ́ ẹ ti ń kọ iye tí wọ́n ń ta mọ́tò, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ bí búùtù ṣe gùn tó tí gbogbo ìjókòó bá dìde, kì í ṣe iye ìjókòó nìkan. Kẹ́ ẹ sì bá wa bá àwọn òbí tó ń tẹ́ ẹní sínú búùtù kí ọmọ mẹ́ta lè sùn síbẹ̀ wí, mo rí irú ẹ̀ lójú ọ̀nà Pobẹ lọ́jọ́ náà, kò sí bẹ́líìtì, kò sí nǹkan kan, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ò sì pa dé dáadáa, okùn ni wọ́n fi so ó.

Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀pá méjì tó ń gbé ìlẹ̀kùn búùtù tiwa dúró ti kú, ó ti bọ́ lé mi lórí rí níṣojú àwọn àna mi. Ọmọ odó la fi ń tì í báyìí, ìyàwó mi sì ní òun fẹ́ gúnyán lọ́jọ́ Àìkú. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé yín láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́ bá mọ ibi tí mo ti lè rí ọ̀pá 307 SW tí kì í ṣe ayédèrú, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí yín, mo máa rí i kà.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì, télọ̀,
Àjàṣẹ́.