Ẹ Má Torí Ìjà Kòrónà Fi Abẹ́rẹ́ Èéyi Du Ọmọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà bàbá àgbà kan tí ẹ tẹ̀ jáde ni mo fẹ́ fèsì sí, èyí tí wọ́n ti ní ọmọbìnrin àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n gún àwọn ọmọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kòrónà, pé tipátipá làwọn òyìnbó fi ń gún wọn níléèwé, pé bí ó bá gbà, kó má pe àwọn ní bàbá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, àmọ́ mi ò lè bá bàbá jà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbí, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé gan-an ni mo fi ń jẹun, mo sì fẹ́ kí bàbá mọ̀ pé ogun tó ti tú ni wọ́n ṣì ń jà.

Kò sí ẹni tó ń pe ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá fún abẹ́rẹ́ kòrónà ní England lónìí, ká má tíì sọ pé wọ́n ń fi tipá gún un. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn abẹ́rẹ́ kìíní àti ìkejì fún gbogbo gbòò. Lẹ́yìn àtúntò ọdún 2025, àwọn tó kù tí NHS, ìyẹn àjọ ìlera ìjọba níbí, ń pè ni ẹni ọdún 75 sókè, àwọn àgbàlagbà tó ń gbé ilé ìtọ́jú arúgbó, àti ẹni tí àìsàn tàbí oògùn, bíi oògùn jẹjẹrẹ, ti sọ agbára ara rẹ̀ di ẹlẹgẹ́, ì báà jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà. Ìwé ìléwọ́ ọdún 2022 làwọn èèyàn ṣì ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp bíi pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná, kò rí báyìí, mo gbà. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni àjọ MHRA tó ń yẹ oògùn wò fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ Pfizer fún ọmọ ọdún 12 sí 15. Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ JCVI tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn sọ lójú gbogbo ayé pé àǹfààní rẹ̀ fún ọmọ tí ara rẹ̀ le ju ewu rẹ̀ lọ, àmọ́ bíńtín ló fi jù ú, àwọn ò sì lè torí ìyẹn ní kí gbogbo ọmọ gbà á. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba ro ti iléèwé tí àwọn ọmọ ń pàdánù mọ́ ọn, wọ́n wá ní kí wọ́n fún wọn ní ẹyọ kan. Ti àwọn ọmọ ọdún 5 sí 11 kò yá tó bẹ́ẹ̀: oṣù Kejì ọdún 2022 ni wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n ní kò sí ìkánjú níbẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹrin.

Èmi fẹ́ràn òtítọ́ tí JCVI sọ yẹn. Ohun tó bí mi nínú ni pé kó tó dé etí àwọn òbí wa, "bíńtín" ti jábọ́ lọ́nà. Ìwé ìjọba ń pariwo tirẹ̀, WhatsApp ń pariwo tirẹ̀, ẹni tó kàn ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi" kò rí ẹni dá a lóhùn, àfi ẹ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn tó ń fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù.

Mo rántí ìyá àgbà kan tó tẹ̀ lé ọmọ-ọmọ wọn wá lọ́jọ́ Sátidé kan. Ọmọ náà ò lè ju ọdún mẹ́fà lọ, ó di tẹ́dì rẹ̀ mọ́ra pinpin. Màmá wo abẹ́rẹ́, wọ́n wò mí. "Nọ́ọ̀sì, ṣé èyí tí ẹ gún bàbá ẹ̀ náà lẹ fẹ́ gún un?" Ìbéèrè gidi nìyẹn! Mo gbé ìgò méjèèjì síwájú wọn. Ti àgbà, ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò. Ti ọmọ ọdún 5 sí 11 jẹ́ aláwọ̀ ọsàn. Microgram 30 ni àgbà ń gbà lẹ́ẹ̀kan, 10 ni ti ọmọ. Wọn ò sì fojú díwọ̀n 10 yẹn. Wọ́n dán 10, 20 àti 30 wò lára àwọn ọmọ díẹ̀ kí wọ́n tó yan 10, kí wọ́n tó wá gbé e lọ síbi ìdánwò ńlá tó kó ọmọ tó lé ní 2,000 jọ. Màmá ní kí n jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kan ìgò náà. Mo ní kò ṣeé fọwọ́ kàn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, gún un. Rọra o."

Bàbá tún kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ náà kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin rí ọmọ bí. Kò sí kòkòrò kòrónà nínú abẹ́rẹ́ náà, bóyá ààyè bóyá òkú. mRNA tó wà níbẹ̀, ìyẹn ìtọ́ni tó ń jẹ́ kí ara dá kòkòrò náà mọ̀, dà bí fọ́tò olè tí wọ́n fi han ọlọ́dẹ àdúgbò kí olè tó dé. Kì í dé ibi tí DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá èèyàn, wà nínú ara, ara á sì fọ́ ọ dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń dí ọmọ bíbí lọ́wọ́.

Ewu tó wà níbẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ. Apá á dùn, orí lè fọ́, ibà lè gbé ọmọ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí tó le jù ni kí iṣan ọkàn wú. Kò wọ́pọ̀ rárá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń ṣe jù, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, láàárín ọjọ́ mélòó kan: àyà á máa dùn wọ́n, èémí á máa há, ọkàn á máa lù kìkìkì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń sinmi tí ara rẹ̀ ń yá. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi fi ọ̀sẹ̀ 12 sáàárín kìíní àti ìkejì fún àwọn ọmọ níbí, dípò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ṣe ìdánwò rẹ̀. Kòrónà fúnra rẹ̀ náà ń mú ọkàn wú, ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn kan á ní: Pfizer kẹ̀? Àwọn tó ṣe ti Kano? Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé Kano. Ní 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn, ìyẹn meningitis, ń jà níbẹ̀, wọ́n dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò. Nǹkan bí ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn, ọmọ 11 sì kú. Àwọn òbí sọ pé kò sẹ́ni tó là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Pfizer ní àwọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní 2009 wọ́n fi mílíọ̀nù 75 dọ́là bá ìjọba Kano yanjú ẹjọ́ náà. Trovan kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, òótọ́ ni, àmọ́ ìyàtọ̀ yẹn kọ́ ló wà lọ́kàn ẹni tí wọn ò bi léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nọ́ọ̀sì tó bá ka èyí, ẹ má ya òbí tó bá dárúkọ Kano sí òpònú.

Ọ̀rọ̀ "tipátipá" náà, mo mọ orísun rẹ̀. Òfin England gbà pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 lè fọwọ́ sí ìtọ́jú ara rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà bá yé e yékéyéké. House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, ló dá a bẹ́ẹ̀ ní 1985 nínú ẹjọ́ Gillick. Etí Yorùbá kì í gba irú rẹ̀. Èmi náà lọ́mọ mẹ́ta, kò sì bá mi lára mu. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda ló ń kọ́kọ́ lọ sílé, òbí la sì ń wá kàn bí fọ́ọ̀mù ò bá padà. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 11, òbí tàbí alágbàtọ́ wọn ló ń fọwọ́ sí tiwọn.

Ibi tí lẹ́tà bàbá ti bà mí lẹ́rù jù ni pé wọ́n kó gbogbo ọmọ-ọmọ wọn pọ̀ sójú kan. Ṣé kò sí SS nínú wọn? Ọmọ tó ní àìsàn fọ̀níkúfọ̀ládìde wà lára àwọn tí kòrónà lè ṣe báṣubàṣu, orúkọ irú wọn sì wà lórí ìwé NHS láti ọmọ oṣù mẹ́fà títí di ọdún 2024. Àtúntò 2025 mú ìwé náà kéré gan-an, nítorí náà dókítà tó ń rí sí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni kí òbí lọ bi, kó má ṣe bi mí, kó má sì ṣe bi Facebook. Àwọn ọmọ yìí ní abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọn ò gbọ́dọ̀ pàdánù, ti fúlù lọ́dọọdún àti ti pneumococcus tó ń fa òtútù àyà. Àmọ́ kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa? Ìyá á fi jínótáìpù ọmọ pamọ́ fún ẹbí, pàápàá fún àwọn ẹbí ọkọ. Bàbá àgbà á jókòó sí Abẹ́òkúta máa pàṣẹ lórí ọmọ tí wọn ò mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Mo ti rí i, ó sì ju ilé kan lọ.

Èéyi, ìyẹn measles, gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ìbínú kòrónà ti kúrò lórí kòrónà, ó ti dé orí gbogbo abẹ́rẹ́. "Ẹ má gún un ní ìkankan" ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí wa báyìí, látọ̀dọ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tiwọn pé pérépéré lọ́wọ́ ìyá wọn nílé. Ní ọdún 2024, èèyàn 2,911 ni àyẹ̀wò fi hàn pé èéyi mú ní England, ó pọ̀ ju ti ọdún èyíkéyìí lọ láti 2012. Oṣù Keje ọdún 2025, ọmọ kan kú nílé ìwòsàn Alder Hey ní Liverpool. Lọ́ńdọ̀nù tiwa yìí ni iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé ti kéré jù. Bàbá mọ èéyi jù mí lọ. Wọ́n mọ ohun tó máa ń ṣe ojú ọmọ, wọ́n mọ ilé tó ti wọ̀ rí. Àwọn ọmọ wọn tó wà níbí ni kò mọ̀ ọ́n, wọ́n rò pé ẹ̀fìnkìn àti ara sísú lásán ni. Ní Nàìjíríà náà, oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ń dènà èéyi àti rubella, àrùn mìíràn tó ń mú ara sú, fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún 14.

Níbí, ọmọ ọdún kan ló ń gba abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́, wọ́n sì ti fa ìkejì sí oṣù 18 láti oṣù Kìíní ọdún 2026. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń kọ̀ ọ́ nítorí jẹlatíìnì ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí kò ní in wà, Priorix tàbí Priorix-Tetra lórúkọ rẹ̀, ẹ sọ fún GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò, ṣáájú ọjọ́ náà kí wọ́n lè bá yín wá a.

Bí bàbá bá tún pe Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n ní kí ọmọ wọn ṣí ìwé pupa tí wọ́n fún un nígbà tó bímọ, kó ka ojú ewé abẹ́rẹ́ sí wọn létí. Bí ìkejì èéyi kò bá sí níbẹ̀ fún ọmọ tó yẹ kó ti gbà á, kó pe GP. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ọjọ́ orí tí wọ́n á ní ó ti pẹ́ jù.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ àjẹsára,
Woolwich, Lọ́ńdọ̀nù.