Sí Àkànní: nípa sójà àháyà rẹ àti àwọn ọmọ mọ́kànlá

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà nínú òtútù ibẹ̀ yẹn? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ilé ló ń kí ọ. Ọyẹ́ ti mú níbí, ètè kálukú ti ya, kò sí ẹni tí kò wá òrí kiri.

Mo ti ka orí mẹ́ta ìwé ìtàn àròsọ rẹ tí o fi ránṣẹ́. Àjàlá wù mí: sójà àháyà, ẹni tí wọ́n fi owó háyà láti jagun, tó padà sílé, tí oorun kọ̀ ọ́, tí wọ́n wá jí ọmọ ilé-ìwé mọ́kànlá gbé ní abúlé ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n o ní kí n má kàn máa yìn ọ́ ṣáá, nítorí náà gbọ́ ọ. Ìbọn ti pọ̀ jù nínú ìtàn yìí. Ìjà inú àgọ́ àwọn ajínigbé, tó gba gbogbo orí kẹta, kò lè ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lójú ayé. Ibi tí ẹ̀rù wà gan-an ni ìrìn àbọ̀, bí ọkùnrin kan ṣe máa kó ọmọ mọ́kànlá la ọ̀dàn kọjá lóru. Ìpínrọ̀ kan péré lo fi sọ ìyẹn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọjọ́ orí rẹ̀. O ní ọmọ ọdún márùndínlógójì ni, o sì ní Monrovia ló ti mọ ogun. Oṣù kẹjọ ọdún 1990 ni ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, balẹ̀ sí Monrovia, olú ìlú Liberia. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn ti lé ní àádọ́ta báyìí. Jẹ́ kó dàgbà bẹ́ẹ̀. Kí orúnkún máa ro ó, kó má lè ka lẹ́tà kéékèèké láìsí dígí. Màá fi hàn ọ́ níwájú bí orúnkún yẹn ṣe máa wúlò.

Ọmọ ogun ECOMOG kì í sì í ṣe sójà àháyà, ìjọba ló rán wọn. Tó bá jẹ́ Executive Outcomes lo ní lọ́kàn, ilé-iṣẹ́ South Africa tí Eeben Barlow dá sílẹ̀, tó jà ní Angola lọ́dún 1993 tó sì dé Sierra Leone lọ́dún 1995, àwọn sójà South Africa àtijọ́ àti àwọn ọmọ Angola tó ti bá wọn jagun rí ló kún ibẹ̀. Ó ṣòro kí ọmọ Ọ̀yọ́ rí àyè láàárín wọn. Ọ̀nà Iraq ló rọrùn jù. Lẹ́yìn ọdún 2003, àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kó ọmọ Uganda àti ọmọ Sierra Leone lọ síbẹ̀ rẹpẹtẹ, owó oṣù wọn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà. Jẹ́ kí Àjàlá fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ ní Freetown, kó wá ìwé ìrìnnà Sierra Leone, kó bá wọn lọ, kó wá tibẹ̀ bọ́ sínú iṣẹ́ tó burú ju ẹnu ọ̀nà ṣíṣọ́ lọ.

Ìyẹn á dáhùn ohun tí gbogbo òǹkàwé máa bi ọ́: kí ló dé tí kò lọ bá ọlọ́pàá? Àfikún kìíní àdéhùn Geneva lórí òfin ogun, ti ọdún 1977, sọ ní abala 47 pé sójà àháyà kò ní ẹ̀tọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ìjọba Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn tiwọn ní Libreville, tó sọ iṣẹ́ náà di ọ̀ràn. Ẹni tó ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, tó tún ń fi orúkọ ẹlòmíràn rìn, kì í dédé yà sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ kí wọn.

Owó ìtúsílẹ̀ ńkọ́? O kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àwọn tó wà nílé kò sì ní gbà fún ọ. Nínú ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó ní Chibok lọ́jọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, àwọn 57 sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan fò sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Àwọn 21 tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2016 àti 82 tó tẹ̀ lé wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ìdúnàádúrà ló mú wọn jáde. Àwọn ọmọkùnrin ilé-ìwé tí wọ́n jí gbé ní Kankara, Ìpínlẹ̀ Katsina, tó lé ní 300, kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́dọ̀ ajínigbé ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ohun tí àwọn òǹkàwé rẹ mọ̀ nìyẹn, nítorí náà o gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn yẹn kí Àjàlá tó gbé ìbọn. Kí alárinà gba owó sá lọ ti di àṣà. Èyí tó dùn mọ́ mi ni pé kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ dá ajínigbé kan mọ̀, kó pe orúkọ rẹ̀ jáde. Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò sí iye tí wọ́n máa gbà tí ọmọ yẹn á fi délé. Ó tún bá òótọ́ mu, nítorí ẹni tó ń júwe ilé fún wọn sábà máa ń jẹ́ ará ibẹ̀. Jọ̀ọ́, má di gbogbo ẹrù náà lé ẹ̀yà kan lórí bí o ti ṣe ní orí kejì. Kò dára, kò sì jẹ́ kí ìtàn náà ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Igbó kìjikìji tí o kọ yẹn, kò sí níbẹ̀, Àkànní. O ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Old Oyo National Park tí o fi àgọ́ wọn sí fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Ìlú Ọ̀yọ́ ni olú iṣẹ́ rẹ̀ wà, àwókù Ọ̀yọ́-Ilé sì wà lápá àríwá rẹ̀. Ọ̀dàn ni, igi òrí àti igi irúgbá tó jìnnà síra, koríko láàárín wọn. Etí odò nìkan ni igi ti dí. Nítorí náà oṣù tí o bá mú ló máa kọ ìtàn náà fún ọ. Ní oṣù kẹwàá, koríko ga ju èèyàn lọ: o lè sá pa mọ́, ṣùgbọ́n o kò rí iwájú, bẹ́ẹ̀ ni koríko á máa pariwo bí o ti ń là á. Tó bá di oṣù kìíní, pápá ti jóná. Ilẹ̀ dúdú, ojú ń ríran jìnnà, ẹsẹ̀ ọmọdé mọ́kànlá á sì hàn nínú eérú ketekete. Oṣù kìíní ni kí o mú.

Omi ló máa fi àgọ́ náà hàn. Ka àwọn tó wà níbẹ̀: ọmọ mọ́kànlá, ajínigbé méje. Tí kálukú bá lo lítà mẹ́ta lóòjọ́, láti mu àti láti se oúnjẹ, lítà 54 nìyẹn. Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò píọ̀ wọ́tà kan, lítà mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Ta ló máa fi ọ̀kadà gbé ju àpò márùn-ún lọ wọ ọ̀dàn lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i? Wọ́n gbọ́dọ̀ wà nítòsí omi, àwọn odò kéékèèké sì ti gbẹ lákòókò yẹn, ó ku àwọn ibú díẹ̀díẹ̀. Àgbà ọdẹ tó mọ ibú tí kì í gbẹ lè ka ibi tí wọ́n lè wà lórí ìka ọwọ́. Má fi ẹ̀rọ ayélujára tàbí dúróònù wá wọn. Fi obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní Ìgbòho kún un, tó ṣàkíyèsí ọmọkùnrin kan tó ń ra búrẹ́dì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ méjì méjì, tí kì í ná an. Ará Ọ̀yọ́ wo ló ń ra búrẹ́dì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìná an?

Nípa ọdẹ yẹn, ṣakabùlà kì í yìn léraléra bí o ti kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún. Yóò tún rọ ẹ̀tù, yóò ki í, yóò fi ọta sí i, kò sì sí bó ṣe yára tó, ìdajì ìṣẹ́jú á lọ sí i. Èéfín funfun rẹ̀ á ti sọ fún gbogbo ayé ibi tó dúró sí. Ìró kan ṣoṣo ni kí o fún un nínú gbogbo ìwé náà, kí o sì mọ ibi tí o máa ná an sí.

Ní báyìí, àwọn ọmọ. Ọmọ tí wọ́n ti ń fi ìbọn lé kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní dìde tẹ̀ lé àjèjì mìíràn tó tún gbé ìbọn wá láàárín òru. Á ké ni, tàbí kó sá sódì kejì. Kí Àjàlá tó kúrò lábúlé, kó lọ bá àwọn ìyá wọn, kó gba oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ajínigbé mọ orúkọ ilé-ìwé wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ ẹni tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ àti ẹni tó ń jẹ́ Àjàní. Kó wá máa fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pè wọ́n nínú òkùnkùn. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìbàrùbá, nítorí wọ́n wà lágbègbè yẹn, tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé lọ́jọ́ tó wá gba oríkì. Kí ló máa pe ìyẹn? Mi ò fẹ́ bá ọ dáhùn rẹ̀.

Tí ìbọn bá sì ti dún nítòsí wọn, etí àwọn ọmọ á máa hó. Àṣẹ tó bá ń fi ẹnu pa kò ní wọlé. Okùn ló máa fi darí wọn: nǹkan bíi mítà méjìlá, kókó kan ní mítà kan síra, ọmọ kan lórí kókó kan. Fífà lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró. Lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wólẹ̀. Èyí tó kéré jù ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, èyí tó dàgbà jù ní ìparí. Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni ìsinmi: ọmọ kan á jù ú sílẹ̀ kó lọ tọ̀ lẹ́yìn igi, okùn á tún gbéra, kókó kan á ṣófo. Kó máa fọwọ́ kan orí kọ̀ọ̀kan kó tó gbéra, kó má gbójú lé pé wọ́n dáhùn.

Wàyí o, bá mi ṣírò. Ká ní aago kan òru ni wọ́n kúrò lágọ̀ọ́. Ọmọdé tó ń rìn nínú òkùnkùn, láìsí bàtà, lórí kùkùté koríko tó jóná tó ń gún ẹsẹ̀ bí ìṣó, kò lè ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan. Kó fa aṣọ ya, kó fi di ẹsẹ̀ wọn, síbẹ̀ kò ní yára. Ní oṣù kìíní, ojú á ti máa là ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Wọn ò lè rìn ju kìlómítà mẹ́jọ lọ, abúlé sì jìnnà tó ogún. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan tí kùkùté gún lẹ́sẹ̀, tí Àjàlá ní láti gbé pọ̀n, wọ̀n tó kìlógíráàmù ogún. Omi lítà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ mọ́kànlá. Kìlógíráàmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láìka ìbọn, lórí orúnkún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta. Ṣé o ti rí i?

Ilẹ̀ á wá mọ́ bá wọn nínú pápá tó jóná, níbi tí kò sí ewé tí wọ́n lè fi bora. Kó wọ́n sínú yàrà odi Ọ̀yọ́-Ilé. Wákàtí méjìlá ni wọ́n máa dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn lórí ilẹ̀, ọ̀kadà àwọn ajínigbé ń lọ ó ń bọ̀ lókè. Ọyẹ́ àti eérú á máa mú wọn húkọ́. Àparò kan tó bá fò pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ lójijì ti tó láti mú kí ẹni tó ń wá wọn yíjú. Ojú ìwé ogójì tí o fún ìjà, ibí ni kí o kó o wá.

Tí wọ́n bá jáde, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àmàlà àti ẹran ka iwájú wọn bí o ti ṣe. Ara tí ebi ti pa pẹ́, oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè pa á. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni àkọ́kọ́: lítà omi kan, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀, ìdajì ṣíbí iyọ̀, díẹ̀díẹ̀. Kí ògì wá tẹ̀ lé e, ní kékeré ní kékeré.

Ó ku ohun tí kò jẹ́ kí Àjàlá sùn. O ní òkú àwọn tó pa ń wá bá a lójú àlá. Ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí ogun bá fọ́ lọ́kàn, ojúmọmọ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Kì í jókòó kẹ́yìn sílẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá gbá, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà nídìí ìbọn kó tó mọ̀. Òórùn sì lágbára ju àwòrán lọ. Tí oṣù kìíní bá wá jẹ́ àkókò pápá sísun, tí abúlé tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sun nígbà kan ń rùn bẹ́ẹ̀, kò sí bó ṣe máa gba inú eérú yẹn kọjá láìpadà síbẹ̀. Kí èyí kọ lù ú nínú yàrà, lọ́sàn-án, nígbà tí ọmọ kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Tí o bá fẹ́ wá ìwòsàn fún un lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Aró wà l'Abẹ́òkúta láti 1954, níbi tí Dókítà Adéoyè Lambo ti jẹ́ kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀. Má jẹ́ kó sàn lójú ìwé méjì.

Tún orí kẹta kọ kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀kẹrin, kí o sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àlàó