Owó ọmọ tuntun ní Connecticut: ohun tó dára níbẹ̀ àti ibi tó kù sí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà bá ti ní òun fẹ́ dín àlàfo tó wà láàárín ohun ìní aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú kù, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé owó orí kò ní í lọ sókè, kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì kẹ́rù wọn lọ síbòmíì. Ìbẹ̀rù yẹn nídìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, General Electric kéde pé òun ń kó olú iléeṣẹ́ òun kúrò ní Fairfield, Connecticut, lọ sí Boston, lẹ́yìn tó ti ráhùn lórí owó orí láti ọdún tó ṣáájú. Síbẹ̀, Connecticut yìí kan náà ló dá ètò owó ọmọ tuntun sílẹ̀, níbi tí ìpínlẹ̀ ti ń fi owó dókòwò fún ọmọ tí ìdílé rẹ̀ kò lówó láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i. Ètò yìí yẹ kí àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Hartford, New Haven àti Bridgeport mọ̀ dunjú.

Owó oṣù kọ́ ni wàhálà tó tóbi jù. Ìwádìí tí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 2022 fi hàn pé ìdílé aláwọ̀ funfun tó wà ní agbedeméjì, tí kò lówó jù tí kò sì tálákà jù, ní ohun ìní $285,000 lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbèsè kúrò. Ti aláwọ̀ dúdú jẹ́ $44,900. Nọ́ọ̀sì méjì lè máa gba owó kan náà ní ọsibítù kan náà, kí òbí ọ̀kan ti bá a san owó àkọ́san ilé, kí èkejì sì ṣì máa san gbèsè yunifásítì. Láti 1934 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe onídùúró fún ẹni tó bá yáwó ra ilé, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yọ àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Ilé tí bàbá àgbà kò rí rà, ọmọ ọmọ kò lè jogún rẹ̀.

Ní 2021 ni wọ́n ṣòfin ètò náà, nígbà tí Shawn Wooden jẹ́ akápò ìpínlẹ̀, ní 2023 sì ni wọ́n rí owó fún un. Ọmọ yòówù tí wọ́n bá bí láti July 1, 2023, tó sì jẹ́ HUSKY, ìyẹn ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, ló sanwó ìbí rẹ̀, ìpínlẹ̀ á fi $3,200 dókòwò fún un. Òbí kò ní kún fọ́ọ̀mù kankan, òbí kò sì lè fọwọ́ kan owó náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá san nǹkan kí òun lè bá yín forúkọ ọmọ sílẹ̀, gbájúẹ̀ ni. Láàárín ọdún 18 sí 30 ni ọmọ náà lè béèrè owó rẹ̀, bó bá ń gbé ní Connecticut nígbà yẹn, tó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣúná owó. Ohun mẹ́rin ló lè fi í ṣe: kó fi ra ilé ní Connecticut, kó fi dá òwò sílẹ̀ níbẹ̀ tàbí fi kún òwò tó wà níbẹ̀, kó fi kàwé tàbí kọ́ṣẹ́, kó sì fi kún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò dárúkọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Láti 1989, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé òfin ìlú Richmond tó ya ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, ètò tó bá dárúkọ ẹ̀yà kì í pẹ́ débi ẹjọ́. Owó tó ń wọlé fún ìdílé ni Connecticut lò, tálákà aláwọ̀ funfun sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó tọ́ nìyẹn lójú wa.

Wọn kò tìtorí rẹ̀ gbé owó orí sókè. $381 mílíọ̀nù tí wọ́n ti tì pa láti fi dúró fún gbèsè owó ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà ni wọ́n tú sílẹ̀, wọ́n fi ìnṣọ́ránsì rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi owó náà dókòwò fún ọmọ tí wọ́n bá bí láàárín ọdún 12.

Àǹfààní tí dídín àlàfo ohun ìní náà kù máa ṣe fún ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀ hàn jù nídìí iṣẹ́ kọngilá. Òfin Connecticut ya ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba sọ́tọ̀ fún àwọn kọngilá kéékèèké. Ẹ wo ẹni tó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tó ń san $1,000 fún lọ́sẹ̀. Bí owó iṣẹ́ bá pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó jáde, ó ti gbọ́dọ̀ ní $30,000 lápò, a kò tíì dárúkọ símẹ́ńtì. Bí iṣẹ́ bá tóbi, wọ́n á ní kó mú onídùúró wá, iléeṣẹ́ tó ń ṣe onídùúró yóò sì béèrè ilé tó ní àti owó tó fi pa mọ́. Ẹni tí kò jogún nǹkan kan máa jábọ́ níbẹ̀ bó tilẹ̀ mọṣẹ́ ju ẹni tó gbà á lọ. Nígbà tí àwọn tó ń du iṣẹ́ bá ti ku méjì mẹ́ta, iye tí wọ́n bá pè ni ìjọba máa san. Ìpínlẹ̀ ni àlàfo yìí ń ná lówó.

Àmọ́ $3,200 kò tó. Bí owó bá ń lé ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ó máa di nǹkan bí $10,800 lọ́dún 18, àti $24,400 lọ́dún 30. Owó àkọ́san tó kéré jù fún ẹni tó bá yáwó ra ilé lábẹ́ FHA, ìyẹn ètò onídùúró ìjọba àpapọ̀ tí a sọ níṣàájú, jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn $10,500 fún ilé $300,000. Ṣùgbọ́n bí owó ilé bá ń fi ìdá 3 gun òkè lọ́dún, ilé yẹn á ti kọjá $510,000 kí ọmọ tí wọ́n bí ní 2023 tó pé 18, owó àkọ́san rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bí $17,900. Bó bá dúró dé 30, $25,500 ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju $1,200 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ra ilé, kó má ṣe kánjú gbà á ní 18. Kó má sì jẹ́ kó kọjá 30, nítorí owó náà á padà sínú àpò ètò náà.

Ohun méjì la ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Kí wọ́n máa fi ọ̀wọ́n ọjà ṣe àtúnṣe $3,200 náà fún àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí, nítorí iye tó tó lónìí kò ní tó fún ẹni tí wọ́n bí ní 2033. Kí wọ́n sì máa san ìdá kan lára owó kọngilá kékeré lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́wàá lónìí kò sí nínú ètò yìí, iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ bá rí ṣe ló máa gbé e.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rí i pé orúkọ ọmọ tó wà lórí ìwé ìbí bá èyí tó wà lọ́dọ̀ HUSKY mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ìwé kan bá pè é ní Oluwaseun, tí èkejì pè é ní Seun, ẹ tún un ṣe nísinsìnyí tó ṣì rọrùn, ẹ má dúró di 2041.

Àwa òǹkàwé yín,
Hartford, Connecticut